Ìkòkò Tí Ẹja Kò Wọ̀ Rí

Ilé Télọ̀,
Àpòmù.
Oṣù Kẹwàá, 1993.

Ràṣídì Àjàní, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àlàmísì, mo sì ti kà á títí mo fi mọ ibi tí o ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tí o tún un kọ. Inú mi dùn pé ara ìwọ àti Sándírà ìyàwó wa le. Inú mi dùn pé ẹ ń bọ̀ wálé ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n o ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ẹ máa dé sí n'Íbàdàn, pé ẹ ó kàn máa wá kí mi lọ́sàn-án, ẹ ó sì máa padà. O ní torí oúnjẹ ni, kí ẹ má baà ni mí lára.

Àjàní, ta ló sọ fún ọ pé ọmọ a máa ni bàbá rẹ̀ lára? Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, èmi nìkan ni mò ń jókòó ti àwo nínú ilé yìí. Bí ọmọ tí mo bí bá wá sí Àpòmù, tí kò sùn lábẹ́ òrùlé mi, tí kò fi ọwọ́ kan oúnjẹ mi, kí ni mo fẹ́ pe ilé náà? Ohun tó mú mi jókòó ti ìwé nìyẹn. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, lẹ́tà mi kì í sì í gùn. Èyí máa gùn. Fara balẹ̀ kà á, kí o ka díẹ̀ fún Sándírà ní èdè tó gbọ́. Ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Èmi náà ò gbàgbé ọjọ́ fidáù ìyá rẹ. O ti ṣàlàyé fún wa kí ẹ tó dé pé dókítà Lọ́ńdọ̀nù ní àlìkámà ló ń da inú rẹ rú láti kékeré, pé o ò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá fi fláwà ṣe mọ́. O ṣàlàyé pé Sándírà, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, kì í jẹ ohun tó bá ní ojú, kì í jẹ ẹyin, kì í mu mílíìkì, pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Gbogbo wa gbọ́. Gbogbo wa ní kò sí wàhálà. Ìyá Wásinmi, ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n ń bójú tó ìdáná. Wọ́n bu ẹ̀fọ́ rírò fún Sándírà, wọ́n sì gbé sẹ̀mó ka iwájú ìwọ.

Ìyàwó rẹ wo inú àwo, ó sọ nǹkan sí ọ létí. Ìwọ náà yíjú sí ìyá.

"Ìyá, ṣé ẹran ò sí níbẹ̀?"

"Mo ti ṣà á kúrò, ọkọ mi. Mo ṣà á tinútinú."

"Kí wá ni pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yìí?"

"Edé ni. Edé kì í ṣe ẹran."

"Ẹja ńkọ́, ìyá?"

"Ẹja? Ẹja tó ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú omi? Òun náà ti di ẹran ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Sándírà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ̀ bí wọ́n bá ń fi òun rẹ́rìn-ín? Ó rọra ti àwo síwájú. Ìwọ jẹ sẹ̀mó tìrẹ, torí pé àgbàdo ni gbogbo wa pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o ò lè nàró. Ẹ kó ẹrù yín, ẹ gba Ìbàdàn lọ, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo eruku mọ́tò.

Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ yẹn pé kì í ṣe ìkà la ṣe. Àìmọ̀ ni. Ohun tí a kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Mo ti ń kọ́ ọ láti ìgbà náà, ohun tí mo sì kọ́ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ọ. Ọkọ tuntun ni ọ́. Ilé tuntun lẹ jọ ń kọ́, ìdáná sì ni àárín ilé.

Èkíní, máa bi oúnjẹ léèrè kí o tó jẹ ẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo gbé páálí sẹ̀mó, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí gáréèjì Ìkirè, mo ní kó bá mi wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Télọ̀, àlìkámà mà ni! Ìyá kan náà ló bí òun àti fláwà tí mo fi ń pò búrẹ́dì." Gbogbo ọdún tí a ti ń jẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ló ń tàn wá. Nítorí náà, ka ẹ̀yìn páálí. Ka ẹ̀yìn ìgò. O kọ̀wé sí mi nígbà kan pé wọ́n ń fi àlìkámà sí omi dúdú tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se ìrẹsì. Ẹ rí i bí nǹkan ṣe ń fara pa mọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó bà ọ́ nínú jẹ́, torí ohun tí o lè jẹ pọ̀ ju ohun tí o kò lè jẹ lọ. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, ìrẹsì, dùńdú. Èwo ni àlìkámà bí nínú wọn?

Èkejì, wọ ilé ìdáná fúnra rẹ. Má ṣe bíi tèmi. Nígbà tí mo wà ní Kùmásì, tí mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwa ọmọ Yorùbá bíi mélòó kan la jọ gba yàrá, a sì ń dáná ní ìkọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fọ́nnu pé ìyá mi ò bí mi fún ẹ̀yìn àdógán. Ìgbà tó kàn mí, mo da ẹ̀wà sí omi, mo da iyọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì lọ jókòó. Ẹ̀wà ọ̀hún ò rọ̀. A koná, a koná, ó ń wò wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Súlè, ṣé ẹ̀wà lo sè ni àbí òkúta wẹ́wẹ́?" Ìyá onílé wa, ará Gánà, gbọ́ ariwo wa, ó wọlé, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, kò bínú, ó kàn kọ́ mi.

Ohun tó kọ́ mi nìyí, máa se é lọ́jọ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀ ọ́. Se ẹ̀wà láìfi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Gbé epo pupa kaná, rẹ́ àlùbọ́sà sí i, kó o jẹ́ kó pọ́n. Da ata àti tòmátì lílọ̀ sí i, dín in títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Wá dà á lé ẹ̀wà, kí o fi iyọ̀ sí i ní ìgbẹ̀yìn. Dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ẹran ò sí níbẹ̀, ẹja ò sí níbẹ̀, fláwà ò dé sàkáání rẹ̀. Òun ni mo jẹ ní Kùmásì tí mo fi sanra padà wálé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀wà àti ìyàwó ni mò ń bá wí.

O rántí Tíṣà Ráò, ará Íńdíà tó ń kọ́ yín ní ìṣirò ní Ìkirè nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì? Èmi ni mò ń rán ṣòkòtò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ ẹran rárá, àwọn obìnrin ọjà a sì máa káàánú rẹ̀, wọ́n lérò pé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ahun ni kì í fún un lówó ẹran. Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ wá fún ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà kan tó rí pẹlẹbẹ, tó kéré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọdé. Ìyá rẹ tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò.

"Màdáámù," ó ní, "ẹran ò sí, ẹja ò sí, kí lẹ fi sí i?"

Obìnrin náà fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ dáhùn. "Òróró gbóná. Gbóná dáadáa."

Ó mú ìyá rẹ lọ sí ilé ìdáná rẹ̀, ó sì fi hàn án. Ẹ̀wà ti jinná lọ́tọ̀ pẹ̀lú ata-ilẹ̀. Òróró díẹ̀ wá wà nínú páànù, nígbà tó gbóná, ó da hóró kéékèèké olóòórùn dídùn sí i. Àwọn hóró náà ń ta pàràpàrà. Ó dà á lé ẹ̀wà lórí lójijì, ó ní ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó sì yára dé e kí òórùn má baà jáde. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ yẹn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà tí ń tajà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrẹsì kì í sì í yá jinná jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ gbọ́n ju kó kàn wò kó sì máa lọ. Nígbà tó délé, ó ní bí òróró bá lè ṣe báyìí fún hóró wọn, kí ni kò lè ṣe fún irú tiwa? Ó gbé epo kaná, ó da àlùbọ́sà àti irú wóró sí i, ó jẹ́ kó dín títí àdúgbò fi ń bi wá léèrè ohun tí a ń sè. Ó da ẹ̀fọ́ ṣọkọ sí i. A jẹ ọbẹ̀ náà tán kí èmi tó rántí pé n kò rí ẹja. Àjàní, ẹ̀kẹta ìmọ̀ràn mi nìyẹn, ti ìyá rẹ ni, kì í ṣe tèmi: irú ni ẹja rẹ. Dín in dáadáa, má yára. Bí o bá rí olú, fà á ya sí i, ó ń jẹ lẹ́nu bí ẹran. Bí o bá fẹ́ kó ki, lọ ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀pà yíyan sí i bí wọ́n ti ń ṣe ní Gánà. Mo ti di irú gbígbẹ sínú ọ̀rá fún yín, ẹni tó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń wá.

Ẹ̀kẹrin ni wàrà sóyà. Ó ń rọ́pò ẹran, ó sì ń fún ara lágbára. Obìnrin Hausa kan tó ń tà á ní Ìkirè ló kọ́ mi. Rẹ sóyà sómi di ọjọ́ kejì, lọ̀ ọ́, fi aṣọ sẹ́ ẹ, se omi rẹ̀, dúró tì í, torí ó máa ń hó dànù bí ọmọ tó ń bínú. Nígbà tó bá hó, rọra máa da omi ọ̀gì kíkan sí i títí yóò fi dì. Dà á sínú aṣọ, so ó, gbé nǹkan tó wúwo lé e. Bí ó bá ti le, gé e, dín in, fi ata dín in lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ ò bá rí omi ọ̀gì níbẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò ṣe é.

Kíyè sí aṣọ tí o máa fi sẹ́ ẹ o. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, àjákù aṣọ ni mo mú láti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, n kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ aláró ni. Wàrà mi yọ, ó rí bí ojú ọ̀run. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ rán an?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, n kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ funfun ni kí o lò, kí o kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná.

Ní òwúrọ̀, dípò búrẹ́dì, lọ ẹ̀wà tó o ti bó, jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, fi ata àti àlùbọ́sà sí i, tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú páànù tí òróró díẹ̀ wà. Ìyàwó Tíṣà Ráò ń ṣe irú rẹ̀. Àkàrà tó dùbúlẹ̀ ni ìyá rẹ pè é. Mọ́ínmọ́ín náà dára láìsí ẹyin nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ra àkàrà lóde, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ti kọ́kọ́ dín nínú òróró náà. Òróró kì í gbàgbé ẹja.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ṣe pàtàkì fún ọ gẹ́gẹ́ bí ọkọ. Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ máa dá ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín àwọn ẹbí rẹ. Ìwọ ni ẹnu rẹ̀ ní Àpòmù. Kí o sì jẹ́ kó kọ́ ọ ní tirẹ̀. O ní ìyá rẹ̀ ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ nínú omi àgbọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí ìrẹsì òun ẹ̀wà yẹn náà là ń rà nínú ewé ní Kùmásì, àfi ti àgbọn. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun láyé àtijọ́ ò gbàgbé ìkòkò. Ọ̀nà tí Sándírà gbà wá sọ́dọ̀ wa ló kàn jìn. Ṣé o rí i pé lọ́jọ́ fidáù, dòdò Ìkirè nìkan ló jẹ? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ata, iyọ̀ àti epo. Ohun tó lè jẹ ti wà nílé wa kó tó dé, àwa ni a ò wò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé àwọn gan-an lẹ̀rù wọn ń bà yín.

Wọ́n wá kí mi láti Wásinmi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n ṣe ẹnu ṣùù.

"Wọ́n á wá, wọ́n á tún kọ oúnjẹ wa. Kò fẹ́ edé, kò fẹ́ ẹja, kò fẹ́ sẹ̀mó. Kí ni wọ́n fẹ́ gan-an, Àlàó? Atẹ́gùn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí wọ́n bá fi òkété se ọbẹ̀, tí wọ́n wá ṣa òkété náà kúrò, ṣé ẹ máa jẹ ọbẹ̀ yẹn?"

Ìwọ náà mọ̀ pé ní ilé tiwa, a kì í jẹ òkété. Ìyá Wásinmi dìde lórí àga.

"Aúsùbílà! Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi?"

"Wọ́n ti ṣà á kúrò tinútinú o."

"Kí wọ́n ṣà á di ọ̀la! Omi rẹ̀ ò ti wà nínú ọbẹ̀ ni? Èèwọ̀ ilé bàbá mi..."

Wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n jókòó padà.

"Èèwọ̀ ni fún ọmọ yẹn?"

"Èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni."

"Ti Ràṣídì náà?"

"Tirẹ̀ le ju èèwọ̀ lọ. Inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ níyà."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ ń wí fún mi pé kò fẹ́, kò fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, a máa ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ díẹ̀ ni. Ẹni tó ní èèwọ̀, ta ló jẹ́ bẹ̀ ẹ́?" Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo sì fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí, "Ìkòkò wo lo fẹ́ fi dáná fún wọn?"

Mo nawọ́ sí ìkòkò ìyá rẹ, èyí tó fi se oúnjẹ fún ọ láti ìgbà tí o ti ń rá. Mo ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́, mo ti fi omi ọsàn fọ̀ ọ́.

Ìyá Wásinmi ṣí i, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n mi orí. "Ìkòkò yìí ti mu ẹja yó, Àlàó. Má fọ ọwọ́ ìyàwó rẹ kúrò lára rẹ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí òkété bá wọ̀ rí, èmi ò ní í jẹ níbẹ̀ láéláé. Tuntun la máa rà."

Wọ́n lọ sí ọjà fúnra wọn. Wọ́n ra ìkòkò, wọ́n ra páànù, wọ́n ra ọmọrogùn, wọ́n kò jẹ́ kí n sanwó. Wọ́n mú òwú pupa lórí máṣíìnì mi, wọ́n so ó mọ́ etí ìkòkò náà, wọ́n sì kéde fún gbogbo àgbàlá pé ẹni tó bá fi ẹja sí i, òun ló máa jẹ ẹja náà ní tútù. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣeré.

Nítorí náà, ọmọ mi, má san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ti tún yàrá tó kọjú sí igi àgbọn ṣe, torí àgbọn ni Sándírà máa kọ́kọ́ bèèrè. Sọ fún un pé kó bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún omi àgbọn, kó kọ́ mi nígbà tó bá dé. Kí Ọlọ́hun mú yín dé láyọ̀, kó má ṣe jẹ́ kí iná ìdáná yín kú láé.

Ìkòkò méjèèjì wà lórí pẹpẹ báyìí, ti ìyá rẹ lápá ọ̀tún, tuntun lápá òsì. Mo ṣí tuntun wò láàárọ̀ yìí, kò rùn, kò ta sánsán, òfìfo ni. Èmi ti lè se gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì dáná sábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó wa ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbé e kaná.

Èmi ni, bàbá rẹ tí òórùn irú ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìwé yìí,

Sulaimọ́nù Àlàó.